Ṣé láptọ́ọ̀pù ló lọ́ra ni, àbí orin Yorùbá ló wúwo?

Ìbéèrè yìí wá láti Iléṣà:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. JavaScript, èdè tí browser ń gbọ́, ni mo fi kọ ọ́, orí canvas, ìyẹn ibi ìyàwòrán inú browser, ló ń yàwòrán sí. Tí orin bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ó ń lọ geere. Tó bá di ti Yorùbá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì-gìrì bó ṣe ń yí sókè, nígbà mìíràn àmì ohùn á fi lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, á lọ dá dúró. RAM láptọ́ọ̀pù náà jẹ́ 4GB, kò sì ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní kí n wá sọ iye tí tuntun máa jẹ́. Ṣé kí wọ́n ra òmíràn ni?”

Àbúrò mi, kú iṣẹ́ Olúwa. Má tíì sọ iye kankan fún wọn o. Owó yẹn, ẹ fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ka kóòdù tí o fi ránṣẹ́ láti òkè délẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Lágere, ní Ifẹ̀, mo sì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan tí oníbàárà kan gbé wá tí kò wá gbà mọ́, kí èmi náà lè fojú ara mi rí i. Mo rí i. Láptọ́ọ̀pù yín ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ò tó nǹkan ni orin kíkọ sára ògiri jẹ́ fún un, ṣùgbọ́n o ń mú un ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni pé kò ṣe é rí. Yorùbá tí o dá lẹ́bi náà kò jẹ̀bi. Òun ló kàn tú àṣírí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Ojú láptọ́ọ̀pù yẹn jẹ́ 1366 ní ìbú, 768 ní òró. Píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán, 1,049,088 nìyẹn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan tó kù ń sọ bóyá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò hàn. Báìtì 4,196,352 ni gbogbo rẹ̀ fún fìrémù kan, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo tí sìkírìnì gbé jáde. Sìkírìnì sì ń gbé 60 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 251 báìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lo fọwọ́ kan píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ìwọ kì í fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. O ń kun ẹ̀yìn, o tún kun fọ́tò lé e, o kun òjìji lé fọ́tò, o wá kun lẹ́tà lé òjìji.

Wo ẹni tó ń hun aṣọ òkè. Òwú ìdábùú kan, òmíràn tẹ̀lé e, títí ọ̀já á fi gùn. Bẹ́ẹ̀ ni sìkírìnì ṣe ń ka àwòrán rẹ látinú ìrántí kọ̀ǹpútà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé sìkírìnì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mílísẹ́kọ́ǹdì 16.67 ló fún ọ láti fi múra fìrémù kan sílẹ̀. Tí o bá fi 17 ṣe é, o ti pẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ ló máa tún gbé jáde, tìrẹ á wá dúró de ìgbà tó ń bọ̀. Ohun tí ojú rẹ ń pè ní gìrì nìyẹn: fìrémù tí wọ́n gbé jáde lẹ́ẹ̀mejì, tí èyí tó tẹ̀lé e sì fò. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tí Yorùbá fi ju Gẹ̀ẹ́sì lọ ti tó láti ré ọ kọjá ààlà yẹn. Ètò rẹ ti wà létí bèbè kí orin Yorùbá tó dé.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò ní ìdá kan nínú ohun tó wà níwájú rẹ. Nígbà tí Apple gbé Macintosh àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1984, 512 sí 342 ni ojú rẹ̀, dúdú àti funfun nìkan, bíìtì kan fún píksẹ́lì kan, bíìtì mẹ́jọ ló sì ń di báìtì kan. Gbogbo ojú náà kò ju báìtì 21,888 lọ, gbogbo RAM rẹ̀ sì jẹ́ 128KB. Ojú láptọ́ọ̀pù yín jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ ní ọ̀nà 190 ó lé díẹ̀. Síbẹ̀ fèrèsé ń ṣí lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń yí sókè, kò sì sí ẹni tó pariwo. Bill Atkinson tó kọ QuickDraw, ètò tó ń yàwòrán, fún un ṣe é kó mọ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ gan-an lójú sìkírìnì, ibẹ̀ nìkan ni yóò sì tún kùn. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1975, Dan Ingalls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC, ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox, ti ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní BitBlt: o ní àwòrán kan níbì kan nínú ìrántí, o ṣe àdàkọ odindi rẹ̀ síbòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, láìtún un yà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, àdàkọ yẹn ni.

Ó yá, ká wọ inú kóòdù rẹ.

Fọ́tò oòrùn tó ń yọ tí o fi sẹ́yìn orin, mo ṣí i wò: 4000 sí 3000 ni. Nínú fáìlì, JPEG ni, kò wúwo, òun ló tàn ọ́ jẹ. Tó bá ti ṣí sínú ìrántí, báìtì mílíọ̀nù 48 ni, o sì ń ní kí browser fún un kéré kó lè bá ojú láptọ́ọ̀pù mu nínú fìrémù gbogbo. Ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fọ́tò kan náà, ìwọ̀n kan náà. Fún un kéré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ètò bá ń ṣí, sórí canvas kejì tí o fi pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, tí kò sí lójú ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà lọ, èyí tó ti kéré ni kí o máa dà kọ. Níbí, nígbà tí mo ṣe ìyẹn nìkan, ètò náà ti mí.

Èkejì ni òjìji. Mo mọ̀ pé shadowBlur máa ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí òjìji tó lè rọ̀ létí bẹ́ẹ̀, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, lókè àti nísàlẹ̀, pé àwọ̀ wo ni wọ́n ní, kó tó mọ èyí tí òun máa gbé wọ̀. O ń ṣe ìyẹn fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, ta ló ń rí òjìji? Fi ìlà dúdú tín-ín-rín yí lẹ́tà ká dípò rẹ̀, yóò hàn ju òjìji lọ.

Àwọn yẹn ò mọ Yorùbá yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó kàn ló mọ̀ ọ́n.

Mú ọ̀rọ̀ náà “Ọlọ́run”. Ojú rẹ rí lẹ́tà mẹ́fà. JavaScript kà á sí méje. Kó o má bàa rò pé mo ń ṣàwàdà, bi í pé kí ni length rẹ̀. Ìdí ni pé nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E1, ọ náà ní tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Méjì tó dì mọ́ra ni: U+1ECD, àti àmì ohùn òkè tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, U+0301. Bákan náà ni ẹ́, ẹ̀ àti ọ̀. Ẹni tó bá sì ń retí pé lọ́jọ́ kan wọ́n á fún ọ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kó má retí mọ́. Àwọn Unicode ti ti ilẹ̀kùn yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí ayé ti kọ pamọ́ kò gbọ́dọ̀ yí ìtumọ̀ padà.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí? Inú fóńtì ló wà. Lórí lẹ́tà ọ, ẹni tó ṣe fóńtì náà ti ri èèkàn kan mọ́ òkè, ó sì ri èèkàn mìíràn mọ́ ìdí àmì. Iṣẹ́ ètò tó ń to lẹ́tà ni kó gbé èèkàn kejì lé ti àkọ́kọ́. Àwọn èèkàn wọ̀nyí wà nínú tábìlì kan tí wọ́n ń pè ní GPOS, nínú OpenType, irú fóńtì tí Microsoft àti Adobe kéde ní ọdún 1996. Nínú Chrome àti Firefox, HarfBuzz, ètò tó ń to lẹ́tà, ló ń ka tábìlì náà. Ṣùgbọ́n kó tó lè so wọ́n pọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ, kí lo ṣe? Torí pé o fẹ́ kí àwọ̀ ọ̀rọ̀ máa yí padà bí wọ́n ṣe ń kọrin, o gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, o ń fi fillText kọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O gbé ọ fún un, ó kọ ọ. O tún gbé àmì òkè fún un lásán, kò ní lẹ́tà tó máa gùn. Ó wá dá dúró sáfẹ́fẹ́ bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn. Fóńtì kọ́ o.

Tó bá di dandan kí o gé ọ̀rọ̀, má fi nọ́ńbà length gé e. Intl.Segmenter wà nínú browser fún ìyẹn gan-an; yóò fún ọ ní ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí o má gé e rárá. Kọ odindi ìlà lẹ́ẹ̀kan ní funfun, kọ odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní òféèfèé, sórí canvas ẹ̀yìnkùlé méjì. Bí orin ṣe ń lọ, ti òféèfèé ni kí o máa dà kọ lé ti funfun láti apá òsì, ìbú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan tí a tún kọ.

Ọ̀rọ̀ fóńtì náà kù síbẹ̀, torí èyí ló fà á tí Yorùbá fi lọ́ra ju Gẹ̀ẹ́sì. Fóńtì alọ́ṣọ̀ọ́ tí o gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, mo yẹ inú rẹ̀ wò. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò ní àmì ohùn tó ń dì mọ́ lẹ́tà. Nígbà tí browser bá dé orí lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀, yóò já ìlà náà, yóò lọ wá fóńtì mìíràn tó ní i, yóò tò ó, yóò tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. “Ọlọ́run” á wá di ẹ̀là mẹ́rin: Ọ, l, ọ́, run. “Lord” á jẹ́ ẹyọ kan. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ orin mẹ́fà kí o wá wò ó. Mo tún rí i pé o ń fi measureText wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú fìrémù gbogbo kí o lè mọ ibi tí ìlà máa gbà kú. Ìbú “Ọlọ́run” kò yí padà láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀. Kí o sì lo Noto Sans tàbí Charis. Lẹ́tà wa àti àmì wa pé sínú àwọn méjèèjì, wọ́n sì jókòó síbi tó yẹ. Mo mọ̀ pé wọn ò lẹ́wà tó ti ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn pátápátá fẹ́ kàwé ni, kò wá wo ọ̀ṣọ́.

Fóńtì tún ní ìdẹkùn kan. Fóńtì tó ń bọ̀ láti fáìlì kì í dé lójú ẹsẹ̀. Tí o bá sáré kọ orin sórí canvas ẹ̀yìnkùlé kó tó dé, fóńtì ìrọ́pò ni wàá kọ sílẹ̀, ìyẹn ni wàá sì máa dà kọ títí ìsìn á fi parí. Fi document.fonts.load pe fóńtì náà, kí o sì dúró títí yóò fi dé kí o tó kọ ohunkóhun pamọ́.

Mo fẹ́ kí o fojú ara rẹ rí ohun tí kọ̀ǹpútà ń là kọjá. Ya fọ́tò sìkírìnì nígbà tí orin bá wà lórí rẹ̀, kí o sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, kí o wo ọ́ kan ṣoṣo. Ó jìnnà sí ìlà tó mọ́ gaara tí o rò. Etí rẹ̀ kún fún eérú: ibi tí ìlà lẹ́tà gba àárín píksẹ́lì kọjá, àwọ̀ ibẹ̀ á wà láàárín méjèèjì, bí lẹ́tà ṣe bo píksẹ́lì náà mọ́lẹ̀ tó, láti 0 dé 255. Kíkán ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àmì tó wà lábẹ́ ọ, lè má ju píksẹ́lì mẹ́ta ní ìbú lọ. Nínú fóńtì, kò sí píksẹ́lì rárá. Ìlà tó tẹ̀ ló wà níbẹ̀; nínú irú fóńtì tí wọ́n ń pè ní TrueType, ojúàmì mẹ́ta ló ń júwe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fa ìlà wọ̀nyẹn sí ìwọ̀n tí o béèrè, kó wá ka iye tó bò lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ìdí nìyẹn tí kò sí browser tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá nídìí. O mọ àwọn tó ń kọ nọ́ńbà sára mọ́tò ní páàkì: wọ́n ti fi abẹ gé lẹ́tà sára páálí tipẹ́, wọ́n á kàn gbé e lé ara mọ́tò, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i, ó parí. Aláàdìrẹ tó fi páànù gé àwòrán náà kò gé òmíràn títí páànù á fi gbó. Browser ní àká kan tó ń kó páálí rẹ̀ sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá pàdé ọ ní ìwọ̀n 40, yóò gé páálí rẹ̀, yóò jù ú sínú àká. Ìgbà kejì, ọ̀dà nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n páálí ìwọ̀n 40 kò wúlò fún ìwọ̀n 41. Ìwọ wá ń mú kí ìlà tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ máa tóbi láti 40 dé 48 pẹ̀lú 0.25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n 33 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, gbogbo lẹ́tà inú ìlà ni wọ́n sì ń gé páálí tuntun fún ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. O sọ àká dasán. Tó bá wù ọ́ kó máa tóbi, kọ ọ́ ní 48 sẹ́yìnkùlé, kí o máa fún àwòrán náà kéré tàbí tóbi. Èmi ò ní ṣe é rárá. Àwọ̀ tó ń yí padà ti tó.

Ọ̀rọ̀ orin tó ń yí sókè wá di nǹkan kékeré. Kọ odindi orin sórí canvas ẹ̀yìnkùlé kan, ìbú 1366, gígùn bó bá ṣe gùn. Nínú fìrémù kọ̀ọ̀kan, da apá tó yẹ kó hàn kọ sójú. Ìyẹn nìkan. Orin tó gùn dé 3000 píksẹ́lì á gba báìtì mílíọ̀nù 16 ó lé, RAM 4GB ò ní mọ̀ ọ́n lára. Má wá tìtorí ìyẹn ṣe gbogbo ìwé orin sílẹ̀ o: 500 irú rẹ̀ á ju mílíọ̀nù 8,000 báìtì lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì RAM yín. Èyí tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ àti èyí tó kàn, ó tán. Tí àwòrán bá ń lọ, jẹ́ kó bọ́ sórí píksẹ́lì gidi, má fi ìdajì sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà á rú. Kí eré rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó bá 60 mu. Píksẹ́lì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan túmọ̀ sí pé yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan nínú fìrémù mẹ́ta, ojú á rí i pé ó dọ́gba. 25 kì í dọ́gba, á máa tiro.

Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé kí ló gbé ọ dé orí canvas ná. Tó bá jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ yí sókè lásán lo fẹ́, kọ ọ́ sínú HTML ṣákálá, kí o fi transform gbé e. Browser á fúnra rẹ̀ ya á pamọ́, á máa gbé àwòrán náà kiri, àní pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ GPU, ẹ̀rọ àwòrán kékeré tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn, torí ó wà níbẹ̀ láìsí káàdì lọ́tọ̀. Àmọ́ mo mọ irú ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ ti kọ ọ́ tán, ẹ ò ní tú u. Kò burú.

Aago tó wà ní igun sìkírìnì náà, òun ló ń jẹ́ kí o kun gbogbo ojú nígbà tí ohunkóhun kò gbéra. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 200 sí 60, píksẹ́lì 12,000, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rin ojú náà. Kun ibẹ̀ nìkan nígbà tí ìṣẹ́jú bá yí. Ṣùgbọ́n tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun apá kan tí o fi apá kan sílẹ̀, ṣọ́ra fún ohun tó ṣe mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ètò fún ayẹyẹ ìgbàwé-ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ kan, tó ń gbé orúkọ àwọn ọmọ sára ògiri. Kí ó lè yára, mo ń nu àyè orúkọ tó kọjá nìkan kí n tó kọ tuntun. Mo wọn àyè náà pẹ̀lú gíga lẹ́tà, mo gbàgbé pé Ọ̀ ní kíkán nísàlẹ̀ àti àmì lókè. Orúkọ á lọ, kíkán á kù. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ bí ogójì, ògiri ti kún fún àmì tó-tò-tó. Ìyá kan gbé gèlè rẹ̀ sọ́wọ́ kan, ó dìde, ó bi mí níwájú gbogbo ènìyàn bóyá eṣinṣin ló ń ṣu sára ògiri. Nínú measureText, actualBoundingBoxAscent àti actualBoundingBoxDescent ló ń sọ ibi tí lẹ́tà dé gan-an, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Fi píksẹ́lì méjì kún un lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí kíkán kan náà, má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, yóò gé e kọjá. Kí o sì fi àyè sáàárín ìlà orin ju bí ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ orin tí o kó jọ fúnra rẹ̀ ò dọ́gba. Ó hàn pé ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ló tẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan tẹ è ó wá fi kíkán sí i, ẹlòmíràn tẹ ẹ ó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, méjèèjì rí bákan náà lójú, kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ìwádìí orin rẹ rí àwọn kan. Fi normalize('NFC'), tó ń sọ irú wọn di ọ̀nà ìkọ kan náà, fọ gbogbo rẹ̀ nígbà tí o bá ń kó o wọlé. Àwọn kan tún fi igi kékeré tó dúró, U+0329, dípò kíkán abẹ́ lẹ́tà. Normalize ò ní fọwọ́ kan ìyẹn, ìwọ ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ku setInterval 16 tó o fi ń sún fìrémù, tó ń pe iṣẹ́ náà ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdì 16. Ìgbà 62.5 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sìkírìnì sì fẹ́ 60. Ní ìgbà méjì sí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, o ń ya fìrémù tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, orin á sì fò díẹ̀. requestAnimationFrame ló ń bá sìkírìnì rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Nígbà tí ohunkóhun ò bá gbéra, dá a dúró pátápátá. Bíṣọ́ọ̀bù bá ń wàásù fún wákàtí kan tí ètò rẹ ń kun ojú kan náà, ooru nìkan ló ń mú jáde. Lọ́jọ́ tí iná bá sì lọ tí bátìrì ló kù, wàá mọ ohun tí mò ń wí.

Tí o bá rí pupa àti búlúù létí lẹ́tà nínú fọ́tò sìkírìnì tó o sọ di ńlá, má bẹ̀rù. Láptọ́ọ̀pù ń lo ẹ̀ka mẹ́ta inú píksẹ́lì láti mú kí lẹ́tà mú sí i, ọgbọ́n tí Microsoft kéde ní ọdún 1998 pẹ̀lú orúkọ ClearType. Lójú láptọ́ọ̀pù ó dára. Lára ògiri kò wúlò, torí projẹ́kítọ̀ kì í to àwọ̀ mẹ́ta yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Canvas ẹ̀yìnkùlé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ á fún ọ ní eérú lásán, eérú yẹn gan-an lo fẹ́.

Má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi performance.now(), aago inú browser, sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin iṣẹ́ fìrémù, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Fún fọ́tò kéré, kà á. Yọ òjìji, kà á. Pààrọ̀ fóńtì, kà á. Mo rò pé kó o tó dé orí canvas ẹ̀yìnkùlé, yóò ti bọ́ sábẹ́ 16. Bí ó bá ṣì ń ta gìrì lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, gbé láptọ́ọ̀pù náà bọ́ sínú mọ́tò tó gba Òṣú wá sí Ifẹ̀ ní Sátidé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́rin. Má gbàgbé ṣájà rẹ̀.